Ẹ̀yìn Ògúnyínká ni Afárá

Ní abà kan lẹ́yìn ìlú Datcha, ẹsẹ̀ àlejò kì í kan omi. Bí òjò bá ti mú odò ẹnu ọ̀nà kún, Ògúnyínká ni í pọ̀n wọ́n kọjá. Ó ti pọn fádà, ó ti pọn tíṣà. Ṣùgbọ́n aláboyún kò ṣeé pọ̀n. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, etí odò náà ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń wo omi, ibẹ̀ sì ni òun àti ọmọ inú rẹ̀ kú sí.

Ẹgbẹ́ òṣèlú Alátùpà ló pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ ìlú nígbà náà. Wọ́n ní àwọn máa ṣe afárá. Wọ́n ṣèpàdé, wọ́n jẹun, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n lọ. Inú bí Ògúnyínká. Nígbà tí ìbò tún dé, òun gan-an ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé.

"Ẹ jẹ́ ká lé wọn dànù! Ẹ dìbò fún ẹgbẹ́ Onígbá. Bí ẹ ò bá rí afárá, èmi ni kẹ́ ẹ bi."

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Onígbá wọlé, wọ́n gba ìgbìmọ̀, Ògúnyínká sì jó títí ìbàdí fi ń dùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́nì kan tó yọjú.

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Oyún Aurélie, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti wọ oṣù kẹjọ, oorun sì ti dá lójú Ògúnyínká. Ìgbà náà ni ìròyìn dé pé ìgbìmọ̀ tuntun ń bọ̀ wá wo odò. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó sáré lọ pàdé wọn. Ta ló ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀? Luc! Luc tó ń gbẹnu sọ fún Alátùpà níjọ́sí! Ẹ̀wù Onígbá ló wọ̀ báyìí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ rí. Ó dun Ògúnyínká wọra, ṣùgbọ́n àlejò ni àlejò ń jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n.

Láàárín odò, ó dúró.

"Mìsíé Luc, afárá wa ńkọ́?"

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn ilẹ̀."

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ wọ̀n ọ́n níjọ́sí?"

"Ti ẹgbẹ́ yẹn nìyẹn. Ẹ rọra o, ẹ má jù mí sómi!"

Ó wu Ògúnyínká kó tú u dà sínú ẹrẹ̀. Síbẹ̀, ó gbé e gúnlẹ̀ ní gbígbẹ. Wọ́n ṣèpàdé, wọ́n jẹun, wọ́n wọn ilẹ̀.

Igbẹ́kọ̀yí, aládùúgbò rẹ̀, wá dúró tì í.

"Bàbá Aurélie, ẹ̀yin lẹ ní ká bi, àbí?"

Ojú ti Ògúnyínká débi pé kò lè gbójú sókè.

Bó ṣe pọn ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn padà sídìí ọkọ̀, ilé ló gbà lọ. Ó ní kí Aurélie kó ẹrù, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Datcha títí yóò fi bímọ. Kò ní dúró kí omi ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé ẹrù lérí, ó fà á lọ́wọ́ wọ odò, omi mù wọ́n dé orúnkún.

"Bàbá," Aurélie bi í, "ṣé wọ́n á ti ṣe afárá náà tán kí ọmọ yìí tó máa rìn?"

Ògúnyínká di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Kọ́ ọmọ rẹ ní ìlúwẹ̀ẹ́."