Hóró Oògùn tí Christiana àti Wúlẹ̀mọ̀tù Pín

Nígbà tí Christiana Dáramọ́lá kọ́kọ́ fọwọ́ kan kókó kan lára ọmú rẹ̀ òsì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìlú Ọ̀rún ni ó ń gbé. Gààrí ni ó ń yan tà, ọkọ rẹ̀, Bámidélé, sì ń dá oko kòkó. Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì dàgbà nígbà náà, epo mọ́tò sì wọ́n bí ojú. Christiana rò pé wàrà tó dì ni, bẹ́ẹ̀ àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti já lẹ́nu ọmú tipẹ́. Ó mu àgbo, ó gba ààwẹ̀. Kókó náà kò lọ. Ó ń tóbi sí i ni, ó le bí èkùrọ́.

Ọkọ rẹ̀ ni ó fura.

"Ìyá Bùnmi, kí ló dé tí o máa ń kọ ẹ̀yìn sí mi tí o bá ń pààrọ̀ aṣọ?"

Christiana dúró, ó yíjú padà, ó sì jẹ́ kí ó rí i. Awọ ọmú náà ti súnkì, orí rẹ̀ ti wọnú. Bámidélé jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí a ń ká kòkó."

"Kòkó ọdún yìí, àbí ti èṣín?"

Christiana fa aṣọ bo àyà rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ní apá Ọ̀ṣun ni wọ́n darí wọn sí. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé ọmú náà kúrò. Nígbà tí ojú abẹ ń jinná, dókítà obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ọlábísí wá jókòó tì í.

"Ìyá, a ń ṣe ìwádìí kan lórí àìsàn yìí. Gbogbo ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ ni yóò máa gba oògùn tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. A ó wá fi hóró tuntun kan kún un fún àwọn kan. Àwọn yòókù á gba hóró tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀."

"Èwo ni ẹ máa fún èmi?"

"N kò mọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú àwa tí à ń tọ́jú yín. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìgò. Ìgbà tí ìwádìí bá parí la ó tó tú u wò. Ẹ sì lè kọ̀ ọ́ o. Tí ẹ bá kọ̀ ọ́, a ò ní tìtorí ìyẹn pa ìtọ́jú yín tì."

"Dókítà, kí ló dé tí ẹ kò kúkú fún gbogbo wa ní èyí tó dára?"

"Nítorí a kò tíì mọ̀ bóyá ó dára ni, ìyá."

Christiana gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ létí. Ohun tí ó dì mú ni pé àwọn kan á yè, àwọn kan kò ní yè, kò sì sí ẹni tí yóò sọ èyí tí òun jẹ́ fún òun. Ó ní òun gbà.

Ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́ ni ó ti pàdé Wúlẹ̀mọ̀tù. Ìyá náà ń ta epo pupa ní Emùrè, ó dàgbà ju Christiana lọ dáadáa, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń gba gbogbo gáréèjì kan. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe òun náà, inú ìwádìí yẹn kan náà ló wà. Oṣooṣù ni àwọn méjèèjì jọ ń wọ mọ́tò lọ. Bí wọ́n bá ti gba abẹ́rẹ́ oògùn jẹjẹrẹ tán, tí mọ́tò ń gbé wọn bọ̀, inú ọ̀rá kan náà ni wọ́n máa ń bì sí. Irun wọn jọ re. Ọjọ́ tí Christiana sunkún nítorí orí rẹ̀ tó pá, Wúlẹ̀mọ̀tù tú ìborùn tirẹ̀, ó fi wé e lórí, ó ní, "Wò ó, a ti di ìbejì."

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọ̀nà wọn yà. Ara Christiana ń bọ̀ sípò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń kún. Wúlẹ̀mọ̀tù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ẹ̀yìn ń dùn ún débi pé kò lè jókòó pẹ́. Ẹ̀rín rẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n jókòó sí gáréèjì, wọ́n ń retí mọ́tò tó lọ wá epo. Wúlẹ̀mọ̀tù tẹjú mọ́ Christiana.

"Ìyá Bùnmi, ìwọ ni wọ́n fún ní ojúlówó."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá Mobọ́lájí."

"Wo ara rẹ. Kí o wá wo èmi."

Kí Christiana tó fèsì, ìyá àgbà náà ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, nínú eruku, lójú gbogbo èrò.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí mi!"

"N kò dìde. Fún mi níbẹ̀. Ìdajì péré. Mo fẹ́ rí i kí Mobọ́lájí wọ ulé ọkọ."

Christiana ronú kan àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó ní rárá. Ó fà á dìde, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ gba oògùn, wọ́n sì bọ̀. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ túká ní Ìkẹ́rẹ́ ni Wúlẹ̀mọ̀tù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó dì mọ́ ara mọ́tò kí ó má baà ṣubú. Christiana kò lè wò ó mọ́. Ó ṣí báàgì rẹ̀. Wọ́n tú ìgò oògùn méjèèjì sórí ìborùn, wọ́n po hóró inú wọn pọ̀ mọ́ra, wọ́n sì pín in sí méjì. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Láti ìgbà náà, ọkàn Christiana kò balẹ̀ mọ́. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí ó bá fẹ́ gbé hóró sẹ́nu, á wò ó yí po: ṣé èyí tó dára ni, àbí ti ìyá yẹn? Nígbà tó ṣe, abíyá rẹ̀ wú, apá rẹ̀ òsì sì tóbi ju ọ̀tún lọ. Ẹ̀rù bà á, ó jẹ́wọ́ fún ọkọ rẹ̀.

Bámidélé pariwo. "O fi ẹ̀mí ara rẹ tọrẹ! Èmi ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ bá Dókítà Ọlábísí. Dókítà yẹ abíyá náà wò, ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, iṣẹ́ abẹ ló fa kí apá máa wú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Christiana wá sọ ti hóró tí wọ́n pín, dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bojú.

"Ìyá Bùnmi, kí lẹ ṣe yìí? A kò lè ka ẹ̀yin méjèèjì mọ́ ìwádìí náà mọ́. A ó máa tọ́jú yín lọ, ṣùgbọ́n hóró yẹn ti tán fún yín."

Wọ́n pe Wúlẹ̀mọ̀tù wọlé, wọ́n sọ fún un. Nígbà tó jáde, ó kọjá lára Christiana tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"O ti pa mí," ni ó sọ, ohùn rẹ̀ kò sókè rárá.

Kò wá sí gáréèjì mọ́. Nígbà tí ara Christiana kò gbà á mọ́, ó wọ ọ̀kadà lọ sí Emùrè. Mobọ́lájí, ọmọbìnrin tó fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀ ní Èkó wá tọ́jú ìyá rẹ̀, dí ẹnu ọ̀nà.

"Kí lẹ wá ṣe, mà? Ẹ̀yin lẹ gba oògùn lẹ́nu màmá mi."

Ohùn kan ti inú yàrá wá. "Jẹ́ kí ó wọlé."

Wúlẹ̀mọ̀tù ti gbẹ. Ó ní inú egungun ni ó ti ń dun òun, kò sì sí oògùn ìrora tó ràn án. Christiana jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá náà sórí itan ara rẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, mà."

Ìyá náà yíjú sí i. "Fún mi lómi," ni ó wí.

Christiana fún un lómi. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni wọ́n sin Wúlẹ̀mọ̀tù.

Ó tó ọdún díẹ̀ sí i kí dókítà tó pe gbogbo àwọn obìnrin inú ìwádìí jọ, Christiana náà sì wà níbẹ̀. Dókítà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní hóró tuntun náà kò fi nǹkan kan kún iṣẹ́ oògùn àtijọ́. Lẹ́yìn ìpàdé, ó fa Christiana sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"A ti tú nọ́ńbà wò. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ojúlówó ló wà nínú ìgò yín. Ojúlówó náà ló wà nínú ti Ìyá Mobọ́lájí. Ohun kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Christiana. Kò mọ ìgbà tí ó di ẹkún. Kò kọjá sí Ọ̀rún lọ́jọ́ náà, Emùrè ló lọ.

Mobọ́lájí wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Christiana sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Ọmọbìnrin náà kò gbé ojú sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tẹ ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ aṣọ ti tán lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Ó túmọ̀ sí pé ẹ kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀," ni ó sọ níkẹyìn.

"N kò gba nǹkan kan. N kò sì fún un ní nǹkan kan."

Ẹ̀rọ dúró. Mobọ́lájí kó aṣọ kúrò lórí àpótí ìjókòó, ó sì tì í sọ́dọ̀ rẹ̀. Christiana jókòó. Wọ́n jọ jókòó bẹ́ẹ̀.