Ìsinmi Tí A Pè Ní Ọ̀fọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́, kó bi ọkọ mi. Yóò ní orí mi máa ń tètè gbóná. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n kó tún bi í léèrè ohun tó ń mú orí náà gbóná, kó wá wò ó bóyá á lè wo ojú òun.

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Fọlá Àgòrò là ń gbé nígbà yẹn, nínú ilé tí bàbá ọkọ mi kọ́ kó tó kú. Yàrá ìyá ọkọ mi ló kángun sí tiwa. Pákó lásán ni wọ́n fi dí ilẹ̀kùn tó wà láàárín, tí mo bá sín, màá gbọ́ "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó" láti ọ̀hún. Ìgbéyàwó wa ti wọ ọdún kejì, ikùn mi ò tíì yọ, gbogbo ará ilé sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó wà lórí iná. Mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé yẹn. Tí mo bá gbálẹ̀ tán, màá tún un gbá.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni ọkọ mi ń ṣe ní Ṣómólú. Kí ìbò tó dé, wọn ò rójú sùn. Àwòrán àwọn olóṣèlú ni wọ́n ń tẹ̀ tọ̀sán tòru, gbogbo èékánná rẹ̀ kún fún íǹkì. Ìbò parí, iṣẹ́ sì tán. Ó wá di ẹni tó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tó ń wo bí òjò ṣe ń fọ ojú àwọn tó tẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó ń rù sí i lójoojúmọ́.

Èmi ní tèmi, akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì kan ní Palmgrove. Ní ọjọ́ kan ọ̀gá mi pè mí, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣí ẹ̀ka kan sí Ìbàdàn, èmi ni wọ́n sì fẹ́ kó lọ máa bójú tó o. Wọ́n ní kí n mú èsì wá lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn ìsinmi ọdún Iléyá tó ń bọ̀. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ ẹ débi pé mi ò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo délé mo sọ fún ọkọ mi. Ó gbọ́ tán, ó họ orí, ó ní, "Jẹ́ n bi Màámi."

Gbólóhùn yẹn ló gbé gbogbo ìgbéyàwó mi mì. Mo ní ká lọ gba ilé tiwa sí Palmgrove, ó ní jẹ́ kóun bi Màámi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ó ní Màámi ò fara mọ́ ọn. Mo ní mo fẹ́ máa ta aṣọ lẹ́yìn iṣẹ́. Màámi ò fara mọ́ ọn. Mo ní mo fẹ́ lọ sí ilé-ìwé àṣálẹ́. Màámi ní ó dìgbà tí mo bá bímọ. Ìyàwó wo ló máa wá lọ bá ìyá ọkọ lójúkojú pé kí ló dé tí ẹ ò fara mọ́ ọn? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ṣe ni mò ń dì í sínú, tí mo bá sì ń bu oúnjẹ fún Màámi, màá máa wo ọwọ́ ara mi kí n má baà wo ojú wọn.

Lórí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn yìí, ó ní Màámi ṣì ń rò ó. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, Màámi ṣì ń rò ó. Ni mo bá pinnu pé mo máa gbé ọkùnrin yìí lọ síbi tí ìyá rẹ̀ ò sí. Ohùn tirẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Kó ní kí n lọ, tàbí kó ní kí n má lọ, èyí tó bá wù ú, ṣáà jẹ́ kó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde. Mo ti bá ara mi sọ ọ́ pé èyí tó bá sọ, mo gbà.

Obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbọ́n tó ní ilé kékeré kan ní erékùṣù kan, níbi tí ọ̀sà ti pàdé òkun. Ó ní igi àgbọn pọ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, kò sì ní ná wa ní nǹkan tó pọ̀. Ọkọ mi gbà. Ó yà mí lẹ́nu pé ó tètè gbà bẹ́ẹ̀, àfi bí ìgbà tóun náà ti ń wá ibi tó máa sá lọ.

Ibi tó ti bà á jẹ́ rèé. Nínú ilé wa, èèyàn kì í ṣáà dédé rìnrìn àjò. Ẹ̀ ń lọ síbi ìsìnkú ni, tàbí ìkómọ, tàbí ìsọjí. Kí tọkọtaya di ẹrù pé àwọn fẹ́ lọ jókòó sórí yanrìn, wọ́n á ní owó ń yọ wọ́n lẹ́nu ni, tàbí wọ́n á ní wọ́n ń lọ wá ọmọ. Ọkọ mi bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé a fẹ́ lọ kí ẹnìkan tó ń ṣọ̀fọ̀ ní erékùṣù. Òun nìkan ló rò ó, òun nìkan ló sọ ọ́, ó sì wá ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wá bá mi.

Mo ní, "Ọ̀fọ̀ lo sọ? Ọmọ Yorùbá kọ́ ni ọ́ ni?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màámi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti wé gèlè dúdú, agboòrùn wà lábẹ́ apá wọn, kúlà oúnjẹ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ kékeré, ẹ fẹ́ dá lọ kí ọ̀fọ̀? Ta ni yóò bá yín gbẹ́nu sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ta ni yóò ṣàdúrà?" Ọkọ mi wò mí. Èmi náà wo ojú ọ̀run. A kì í dá àgbà tó fẹ́ bá èèyàn kí ọ̀fọ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ ni mo gbé kúlà náà lé orí.

Torí pé ọ̀wọ́n epo wà nígboro, ọkọ mi ti lọ bá apẹja kan sọ̀rọ̀ létí ọ̀sà Bàrígà pé kó gbé wa lọ pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà ń rùn bí ẹja yíyan, ó sì ń jò. Nígbà tá a dé abẹ́ afárá gígùn tó gba orí ọ̀sà kọjá, ẹ́ńjìnnì kú. Ọlọ́kọ̀ ní wọ́n ti fi omi lu epo tó rà. A jókòó sábẹ́ afárá, mọ́tò ń kù lọ lórí wa, Màámi ń fi abọ́ ìrẹsì gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Wọn ò ráhùn. Wọ́n ń sọ pé òkú náà á mọ̀ pé àwọn sapá. Mo ṣáà ń dìde, mo ń jókòó, títí ọlọ́kọ̀ fi ní, "Àǹtí, ẹ máa dojú ọkọ̀ yìí dé."

Ilé tí wọ́n júwe fún wa wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òrùlé rẹ̀ ni kò sí. Atẹ́gùn ti ká páànù lọ, àwọn èèyàn sì ti ń sá àwọ̀n sínú pálọ̀. Ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ síbi tó yẹ kí bẹ́ẹ̀dì wa wà. Bá a ṣe ń wò ó lòjò bẹ̀rẹ̀.

Màámi ṣí agboòrùn wọn. Wọ́n ní, "Ṣé ilé ọ̀fọ̀ náà rèé? Àwọn èèyàn dà?"

Ọkọ mi tẹjú mọ́ ewúrẹ́ náà. Kò tiẹ̀ tíì ro orúkọ tó máa fún òkú náà. Kí n tó rí nǹkan sọ, Màámi ti kọjú sí obìnrin kan tó ń yan ẹja lábẹ́ ahéré. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, a wá kí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ni. Níbo nilé wọn?"

Obìnrin náà nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó ní, "Ẹ káre o. Ẹ máa tẹ̀ lé mi."

Ibo ni wọn kì í kú? Bàbá apẹja kan ti kú nínú oṣù yẹn, àrùn ogbó ló pa á. Màámi wọlé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ̀yìn bàbá á dára, wọ́n sì gbàdúrà títí ìyá opó fi bú sẹ́kún. Ìyá náà wá nu ojú, ó bi wá níbi tá a ti mọ bàbá. Màámi yíjú sí ọkọ mi.

Ọkọ mi ní, "Wọ́n... èèyàn dáadáa ni wọ́n."

Ìyá opó mi orí. Ó ní, "Lóòótọ́ ni. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà rí."

Mo sunkún níbẹ̀. Wọ́n rò pé bàbá ni mò ń sunkún sí, ọmọbìnrin wọn kan sì wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Wọ́n fún wa ní ẹja àti ẹ̀bà, wọ́n tẹ́ ẹní fún wa. Láàárín èmi àti ọkọ mi ni Màámi sùn, torí ibẹ̀ nìkan ni kò jò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òjò ti dá. Màámi ní àwọn fẹ́ wo òkun. Láti kékeré tí wọ́n ti kúrò ní Abẹ́òkúta wá sí Èkó, wọn ò ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ rí. Wọ́n ká ìró dé orúnkún, wọ́n ń rìn lọ bá omi, omi ń lé wọn padà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí wọn kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Èmi àti ọkọ mi jókòó sórí kùkùté àgbọn. Tí ìyá rẹ̀ bá wà nítòsí, "ẹ" ni mo máa ń pè é. Níbẹ̀ mo pè é ní ìwọ.

Mo ní, "Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń retí mi. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ó ní, "Jẹ́ n bi Mà..."

"Màámi wà nínú omi. Ìwọ ni mò ń bi."

Ó dìde, ó pe ìyá rẹ̀. Òkun ń hó, wọn ò gbọ́. Ó tún pè. Wọ́n juwọ́ sí i, wọ́n tún ń bá eré wọn lọ. Ó padà wá jókòó, ó ń fi ẹsẹ̀ wa yanrìn.

Ó ní, "Má lọ. Ṣọ́ọ̀bù ti gbẹ. Tó o bá tún lọ, kí ló kù fún mi?"

Ó dùn mí dé egungun. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, inú mi dùn díẹ̀ pẹ̀lú, torí pé òun ló sọ ọ́. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ mi máa fẹnu ara rẹ̀ dá mi lóhùn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ti gbà pé mi ò ní lọ.

Ọ̀sán la wọkọ̀ padà. Ìyá opó fún Màámi ní ẹja yíyan ẹ̀kún agbọ̀n. Nígbà tá a tún dé abẹ́ afárá, ẹ́ńjìnnì tún kú. Ọlọ́kọ̀ tẹ̀ bá a, ó ń tú u. Màámi gbé agbọ̀n ẹja lé itan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, báwo ni ìwọ àti bàbá yẹn ṣe mọra gan-an?"

Kò síbi tó máa sá lọ, omi ló yí wa ká. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú. A ò mọ̀ wọ́n rí. A kàn fẹ́ lọ sinmi ni."

Màámi wò ó. Wọ́n ní, "Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fara mọ́ ọn."

"Ta ló sọ fún ọ? Ìgbà wo lo bi mí?"

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bọ́ sílẹ̀ ni nǹkan kan ṣí ní àyà mi. Mo gbàgbé pé ìyàwó ni mí. Mo ní, "Màámi, ilé tá a fẹ́ gbà ní Palmgrove ńkọ́?"

"Ilé wo?"

"Aṣọ tí mo fẹ́ máa tà?"

"Ìyàwó, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ kankan."

"Ilé-ìwé àṣálẹ́? Ìbàdàn?"

Wọ́n kọ́kọ́ wò mí, wọ́n wá wo ọmọ wọn. Ọkọ mi tẹjú mọ́ omi tó wọnú ọkọ̀, ó ń fi abọ́ gbọ́n ọn, ó ń gbọ́n ọn ṣáá, kódà nígbà tí kò kù mọ́. Màámi ní, "Èmi tí mò ń retí kẹ́ ẹ kó jáde kí n fi yàrá yẹn gba ayálégbé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tí mò ń bu oúnjẹ fún obìnrin yìí tí mi ò lè wo ojú rẹ̀, kò ṣẹ̀ mí. Ohùn ọkọ mi ni mo tọ̀ lọ sí erékùṣù. Ohùn yẹn náà ni mo ti ń gbọ́ nílé láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu ìyá rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Mo wo ojú Màámi dáadáa níbẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi." Wọn ò béèrè ìdí. Wọ́n bu ẹja kan fún mi.

Lọ́jọ́ Ajé, bí mo ṣe ń wọ bàtà, ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ sọ fún wọn. Láti ẹ̀yìn pákó, Màámi ní, "Ìyàwó, ilẹ̀ ń mọ́ lọ o. Ó dàbọ̀."

Mo dáhùn pé ó dàbọ̀ mà. Mo kọjá lára ọkọ mi, mo sì lọ sọ fún wọn pé mò ń lọ.