Lékeléke ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta

Nǹkan tí mo rí ní Ẹ̀pẹ́ lónìí ṣì ń rí mi lára di ìsinsìnyí.

Lóṣù tó kọjá, mo ya lékeléke kan sára ògiri ilé oúnjẹ Alhaja kan tó ń ta ẹja létí ọ̀sà. Ẹyẹ náà dúró nínú àbàtà, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó ká ìkejì sábẹ́ ikùn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe gan-an. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wò wọ́n létí omi kí n tó fọwọ́ kan ọ̀dà.

Lónìí ni mo ti Ìkòròdú lọ yà á ní fọ́tò. Mo bá ẹsẹ̀ tuntun lára ẹyẹ mi. Ó nípọn bí òpó iná.

"Alhaja, ta ló fi ẹsẹ̀ yìí sí i?"

"Ẹni tó kọ sáìnbọ́ọ̀dù mi ni. Àwọn oníbàárà ń bi mí bóyá ẹyẹ náà yarọ. Mi ò fẹ́ arọ nídìí ọjà mi."

"Èyí tó ká sókè ńkọ́, mà? Ẹsẹ̀ ti di mẹ́ta."

"Ṣebí ó sàn ju ẹyọ kan lọ."

Àwọn tó ń jẹun ń fi ẹyẹ náà rẹ́rìn-ín. Orúkọ mi ló ṣì wà lábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà.

Ẹ bá mi dá sí i. Èwo ni kí n lọ fi ọ̀dà pa rẹ́ lọ́la: ẹsẹ̀ yẹn, àbí orúkọ mi?