Ìwé Ìròyìn tí Mo Kà fún Àgbàlá Wa

Rédíò télọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé mi ní Ire-Akari ló ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ìyá arúgbó kan já bọ́ láti ojú òfuurufú, kò mọ orúkọ ara rẹ̀, kò mọ ilé. Olóòtú ètò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gbé mi padà sí ìgbà èwe mi, nígbà tí ìyá bàbá mi ń ṣarán ní Ìsọlọ̀ níbí.

Ọṣẹ dúdú ni Ìyá Àgbà ń tà kí iyè rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ọṣẹ tán, ọjà tán, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbàgbé. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á gbé igbá òfìfo, ó di ọ̀nà ọjà. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé ó ti ṣìnà. Ìṣe àdúgbò wa ni pé ẹni tó bá pàdé rẹ̀ á kí i, á ní, "Màmá, ọ̀nà yín ni mò ń lọ," á sì bá a rìn títí délé. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní iléeṣẹ́ ń ṣe é. Awakọ̀ tírélà kan tiẹ̀ máa ń bá a ná ọṣẹ tí kò sí nínú igbá, Ìyá Àgbà kì í sì í gbà fún un.

Lọ́jọ́ kan, ó rìn kọjá ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sábẹ́ fèrèsé onílé kan ní Òkè-Àfá, èrò pé lé e lórí, oníròyìn kan sì ya fọ́tò rẹ̀ kí bàbá mi tó dé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìwé ìròyìn dé àgbàlá wa. Èmi ni mo máa ń kà á fún àwọn àgbà, mo sì máa ń fi ṣe fáàrí. Mo gbóhùn sókè: "Àjẹ́ já lulẹ̀ ní Òkè-Àfá." Mo ti kà á dé ààbọ̀ kí n tó rí gèlè Ìyá Àgbà nínú fọ́tò. Ó yẹ kí n dákẹ́. Mo kà á parí, torí mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí.

Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú ìwé lágbára lójú àwọn èèyàn wa ju ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá rí Ìyá Àgbà lókèèrè á sọdá sí òdìkejì títì. Òun kò mọ̀ nípa ìwé ìròyìn kankan. Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ wọ́n?" Bàbá mi wá ń ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mọ́ ọn, inú yàrá náà ló sì kú sí.

Mo pe iléeṣẹ́ rédíò lẹ́yìn ìròyìn òní. Mo ní àìsàn lèyí, kí wọ́n bá ìyá náà wá àwọn ẹbí rẹ̀. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn: "Mọ́mì, ẹ má bínú, bí àwọn èèyàn ṣe sọ ọ́ la ṣe gbé e."

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, àwọn dókítà ti mọ orúkọ àìsàn náà báyìí, fọ́tò kì í sì í pẹ́ mọ́ kó tó káyé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kà lọ́jọ́sí ni wọ́n ṣì ń kà. Èmi nìkan ni mò ń dá gbé, ẹ̀rù sì ń bà mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró létí títì, mi ò rántí ibi tí mò ń lọ. Obìnrin kan dúró, ó ń wò mí. Mo rò pé á kí mi ni, àfi bó ṣe yọ fóònù. Mo yára sọ orúkọ mi àti orúkọ bàbá mi fún un kó tó ya fọ́tò mi.