Àkùkọ Inú Àgò Ìkórè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Lálúpọn, ọ̀rọ̀ ìkórè kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n àti iṣu tuntun ṣe máa ń gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Àwa ọmọdé la máa ń gbálẹ̀, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan ọsàn ọrẹ á jẹ pàṣán.

Bàbá Díákónì ló ń kọ́ wa ní òfin kẹwàá, pé a ò gbọdọ̀ ṣojúkòkòrò ohun ẹlòmíì. Ẹni mímọ́ gbáà ni wọ́n. Tí wọ́n bá ń bú ojúkòkòrò, omi á máa bọ́ lójú wọn, ojú yẹn náà ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ abọ́ ẹlòmíì níbi àsè. Ọgbà adìyẹ wọn kún fọ́fọ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àrùn pa àkùkọ kan ṣoṣo tí Ìyá Àgbà mi ní. Òròmọdìyẹ ni Ìyá Àgbà ń tà fi ra aṣọ ilé ìwé mi, ni wọ́n bá ní àwọn á ra àkùkọ mìíràn níbi gbàǹjo ìkórè.

Aṣọ la fi ń bo àgò adìyẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kì í sì í ṣí i títí ẹni tó rà á á fi sanwó, kí ojú má baà ti ẹni tí ọrẹ rẹ̀ kéré. Bí Ìyá Àgbà ṣe dá owó lé àgò kan, àkùkọ inú rẹ̀ kọ. Bàbá Díákónì fò dìde.

"Ẹ gbọ́ ohùn! Irú èyí ò sí nílé mi!"

Wọ́n ń fowó lé e títí apá Ìyá Àgbà ò fi ká a mọ́. Inú bí mi, omi lé ròrò sójú mi.

Wọ́n sanwó, wọ́n ṣí aṣọ. Ìyàwó wọn pariwo láàárín àwọn obìnrin: "Bàbá Délé, àkùkọ wa tí mo mú wá fún Olúwa lẹ rà yẹn o!"

Ohùn àkùkọ gbogbo àdúgbò ni wọ́n mọ̀, àfi ti ilé wọn. Ẹ rò pé wọ́n wá gbé e fún Ìyá Àgbà? Ẹ ò mọ̀ wọ́n. Wọ́n gbé àgò wọn, wọ́n dorí kodò, wọ́n lọ sílé. Ẹyin adìyẹ wa ò di ọmọ lọ́dún yẹn, aṣọ tó ti ya ni mo sì wọ̀ padà sí kíláàsì.

Lóde òní, ayé ti lajú, òfin kẹwàá ti dìgbà kan. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, oníwàásù ní ká jáde síta níbi tí a gbé mọ́tò sí, ká gbọ́wọ́ lé èyí tó bá wù wá, ká gbà á nípa ìgbàgbọ́. Nígbà tí mo máa débi tèmi, èrò ti bò ó. Bàbá Díákónì tiẹ̀ dorí kodò nígbà tiwọn. Àwọn tó dì mọ́ mọ́tò mi, "Àmín!" ni wọ́n ń ké.