Oṣù Tí Mo Kúnlẹ̀ fún Gbogbo Oníbàárà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé, ẹ má wulẹ̀ bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Èmi Àdìkẹ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi gbé oúnjẹ fún èèyàn nílé oúnjẹ Mọ́mì Láńrewájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdíkọ̀ rélùwéè ní Ọ̀fà. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀, ẹnu mi ò lè ròyìn rẹ̀ tán.

Ẹnì kan á wọlé, kò ní kí èèyàn, "psss!" ni yóò máa ṣe sí mi bí ẹni ń pe ológbò. Òmíràn á fọwọ́ nínú ife omi tí mo gbé fún un pé kó mu, bẹ́ẹ̀ abọ́ ìfọwọ́ wà níwájú rẹ̀. Òmíràn á máa tu eegun sórí aṣọ tábìlì funfun, èmi náà ni n ó sì fọ̀ ọ́. Àwọn tó wá ń bí mi nínú jù ni àwọn tó máa jẹ iyán dé ìdajì kí wọ́n tó rántí pé iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Ṣé ahọ́n wọn ò sí nílé nígbà òkèlè àkọ́kọ́ ni?

Mo máa ń tètè bínú, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ mo ní ẹni tí mo máa ń ro ẹjọ́ mi fún. Gbádé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjàgbò tó ń tún rédíò ṣe ní Ọ̀fà. Ní ìrọ̀lẹ́, á sìn mí dé ilé wa, n ó sì máa to gbogbo wàhálà ọjọ́ náà sílẹ̀ fún un lójú ọ̀nà: ẹni tó ṣe tibí, ẹni tó ṣe tọ̀hún. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi." Kí n tó délé, inú mi á ti rọ̀. Tìtorí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀, kì í ṣe tìtorí ẹwà, torí Gbádé ò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà.

Ní ọdún 1989, ó sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé èmi lòun fẹ́ fẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹbí ọkọ ò ní kàn dìde lọ tọrọ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìwádìí: bóyá àrùn kan wà nílé wọn, bóyá ọmọ náà ya ọ̀lẹ, bóyá ẹnu rẹ̀ mú. Gbádé wá bá mi, ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Àdìkẹ́, wọ́n ti gbọ́ pé o máa ń bínú. Wọ́n á rán ẹnì kan wá jẹun níbi iṣẹ́ rẹ láàrin oṣù yìí, kó wo ìwà rẹ. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n máa rán. Àmọ́ bí o bá fi lè gbójú sókè sí i pẹ́nrẹ́n, wọn ò ní gbà kí n fẹ́ ọ."

Mo gbé! Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń mú ọmọ lọ sílé ìwé. Màmá mi kì í sùn mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ mi. Wàyí o, ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé lè jẹ́ ẹni náà.

Bí mo ṣe di ẹrú gbogbo ayé nìyẹn. Mọ́mì Láńrewájú ti ṣe é lófin pé ẹni tó bá gbé tíréè ò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kí ọbẹ̀ má baà dà sí oníbàárà lára. Mo pa òfin Mọ́mì tì. Mo kúnlẹ̀ fún àgbà, mo kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Mo kúnlẹ̀ fún awakọ̀ kan tí àbúrò mi àbíkẹ́yìn lè rán níṣẹ́. Safiyat, tí a jọ ń gbé oúnjẹ, ní, "Àdìkẹ́, ṣé orúnkún lo wá fi ń rìn báyìí ni?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìyá kan wọlé, ó ń wo igun ilé kiri bí ọlọ́pàá. Mo ní, hẹn-ẹ́n, òun nìyí! Mo bu ẹran méjì kún tirẹ̀, mo ń bá a lé eṣinṣin. Ìyá jẹun tán, ó bi mí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Jẹ́bà máa dé. Agogo ló ń wá lára ògiri látìgbà yẹn! Mọ́mì sì fi ọ̀rọ̀ ẹran méjèèjì gún mi lára títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni bàbá kan wá dé, ó dé fìlà àrán. Kò tíì jókòó tó fi ṣe "psss!" sí mi. Mo kúnlẹ̀. Mo gbé omi mímu dé, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ife. Mo gbé òmíràn wá. Ó tu eegun sórí aṣọ tábìlì, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta, ó ń wo ojú mi bó ṣe ń tu ú. Nígbà tí iyán dé ìdajì, ó fi ọwọ́ òsì ti abọ́ sí mi, ó ní, "Gbé e kúrò, iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ọwọ́ rẹ ò tiẹ̀ yá, ìwọ ọmọ yìí."

Olúwa mi o! Ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo ìwà tó lè bí mi nínú ló kó wá lójọ́ kan. Safiyat ní kí n yàgò, òun máa lọ bá a jà. Mo dì í mú. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo fi ẹnu bu aṣọ mi jẹ, mo sunkún díẹ̀, mo nu ojú. Mo bu ọbẹ̀ míì, mo padà lọ kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Mo sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ní Sátidé, Gbádé wọlé pẹ̀lú bàbá yẹn gan-an. Ó ní, "Àbúrò bàbá mi nìyí, Bàbá Dúrótìmí. Àdìkẹ́, o yege! Wọ́n ti gbà!"

Ara mi kọ́kọ́ fúyẹ́, àfi bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Bàbá ṣí fìlà, ojú ń tì wọ́n. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má bínú sí mi. Èmi kì í jẹun báyẹn láyé mi, ìyàwó mi á lé mi jáde. Gbádé ló kọ ọ́ sínú ìwé fún mi, pé kí n kọ́kọ́ ṣe 'psss!' sí ọ, kí n fọwọ́ nínú omi mímu, kí n tu eegun. Ó ní bí o bá fara da ti iyọ̀ yẹn, kò sí ohun tí o ò lè fara dà."

Mo wo Gbádé. Ó ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó máa ń rín lójú ọ̀nà.

Mo ní, "Ṣebí o ní o ò mọ ẹni tí wọ́n máa rán?"

Ó ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé o ní sùúrù ni. Àbí kò ti bọ́ sí i?"

Bàbá yẹn ò ṣẹ̀ mí, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Àmọ́ àwọn ohun tó ń bí mi nínú tí Gbádé kọ sínú ìwé yẹn, mi ò sọ wọ́n fún Safiyat, mi ò sọ wọ́n fún ìyá tó bí mi. Èmi àti Gbádé nìkan la wà lójú ọ̀nà nígbà tí mo sọ wọ́n. Mo ní, "Gbádé, bí mo bá délé rẹ, tí mo sọ ohun tó dùn mí jù láyé fún ọ, ta lo máa kọ ọ́ fún?"

Ó ní àwàdà lásán ni, kí n má sọ ọ́ di ńlá.

Mo kúnlẹ̀ fún bàbá. Mo ní kí wọ́n bá mi kí ilé, kí wọ́n má wulẹ̀ ra iṣu ìdána. Ọjọ́ mẹ́ta ni màmá mi fi sunkún, wọ́n ní mo fi ẹsẹ̀ ara mi ta ire dànù. Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ní Sátidé yẹn náà, bí wọ́n ṣe jáde tán, oníbàárà kan nu ọwọ́ ọbẹ̀ sára kọ́tìnnì Mọ́mì, inú bí mi dé gongo. Ní ìrọ̀lẹ́, mo dá rìn lọ sílé, mi ò sì rí ẹni tí n ó rò ó fún.