Ajíbádé Oníkáàdì ti Ìyànà Ọ̀fà

Ajíbádé mọṣẹ́ o. Bí inú ṣe ń bí mi sí i tó, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ìbáà kú pátápátá, bó bá ti fọwọ́ kàn án, á dún. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni yẹ̀yẹ́ ní Ìyànà Ọ̀fà kì í ṣe àìmọṣẹ́. Wíwá ojú àwọn èèyàn ńlá ni.

Ní ọdún 1993 la gbọ́ pé Olóyè Adébùsọ́lá, ọlọ́rọ̀ kan nígboro Ìbàdàn, fẹ́ dá ilé iṣẹ́ gààrí ńlá sílẹ̀ lọ́nà Lálúpọn. Wọ́n ní ẹ̀rọ ibẹ̀ á pọ̀, wọn á sì gba ẹnì kan tí yóò máa bójú tó gbogbo rẹ̀. Ajíbádé ní iṣẹ́ òun nìyẹn, kò sí ẹlòmíràn tó tọ́ sí. Ká ní ó jókòó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, bóyá òun náà ni ìbá gbà á. Ṣùgbọ́n aláìníṣẹ́ kan nígboro sọ fún un pé ẹni tó bá fẹ́ kí òwò òun gbòòrò, kó máa lọ fojú han àwọn èèyàn ńlá. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára bí ibà.

Kò pẹ́ tó fi tẹ káàdì. Mo ṣì ní ọ̀kan nínú Bíbélì mi. "Ẹnjiníà Ajíbádé, Olùdarí Àgbà" ni wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú yíǹkì tó ń dán bíi wúrà. Olùdarí ta ni? Òun àti Olúwakẹ́mi ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà tẹlifóònù tún wà nísàlẹ̀, ti ọ́fíìsì tí àna rẹ̀ ti ń ṣe akọ̀wé ní Dùgbẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá kú ní Ìyànà Ọ̀fà, kí ẹ wá ibi tí tẹlifóònù wà, kí ẹ pe Dùgbẹ̀, kí Dùgbẹ̀ wá ránṣẹ́ padà sí Ìyànà Ọ̀fà!

Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kan tó ń ṣèpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó rán agbádá. Ó ń lọ síbi ìsìnkú àwọn tí kò mọ̀ rí, á sì sunkún ju àwọn ọmọ olókùú lọ. Àní ó fi ìjọ Áńgílíkà wa sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un, ó lọ ń jókòó sẹ́yìn Olóyè ní ìjọ tirẹ̀. Ó gbàgbé pé Ẹni tí à ń sìn níbẹ̀ kì í gba káàdì.

Gbogbo àárọ̀ Sátidé, ilé Olóyè ló ń lọ, á nà gbalaja nílẹ̀, á kí i kú ilé. Sátidé yìí náà sì ni ọjọ́ tí àwọn obìnrin abà gààrí ẹ̀yìn ilé wa ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti bó kò mọ sùúrù. Kò mọ̀ pé ẹnì kan lọ kí Olóyè.

Ní Sátidé kan, ẹ̀rọ wọn kú, òkìtì ẹ̀gẹ́ bíbó wà nílẹ̀. Mùjíbátù, olórí wọn, sáré lọ bá Ajíbádé. Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà nínú agbádá, ó ń fi hánkáṣíìfù nu bàtà.

"Ẹnjiníà, jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ti kú."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Ìyá, mò ń lọ sílé Olóyè ni. Ẹ gba káàdì mi, ẹ fún gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá mọ̀."

Mùjíbátù yí káàdì náà síwá sẹ́yìn. "Ajíbádé, ṣé èyí á rin ẹ̀gẹ́ ni?"

"Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣòwò lóde òní ni, Ìyá."

"Òótọ́ ni. Agbádá ẹ ń wọ́lẹ̀, gbé e sókè."

Ló bá kọjá lọ sọ́dọ̀ Múyì, tí òun náà ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹ má rò pé èèyàn gidi ni Múyì o. Ọ̀mùtí ni, ẹnu rẹ̀ sì burú. Mo ti gbàdúrà fún un títí, ó ń bi mí bóyá mo gbé ẹmu dání. Èyí tó bá tún ṣe lónìí lè bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ẹ bá dé abẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, ẹ ó bá a. Ó bú Mùjíbátù, ó bú ẹ̀rọ, ó bú ẹ̀gẹ́, ó sì tún ẹ̀rọ náà ṣe. Láti ọjọ́ náà, òun ni wọ́n ń pè.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Olóyè fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ Pijó rẹ̀ wá sí abà.

"Ẹ̀yin ìyá, ta ló ń bá yín tún ẹ̀rọ yìí ṣe?"

"Múyì ni!" Gbogbo wọn pa ohùn pọ̀.

Àánú Olúwakẹ́mi ṣe mí. Mo ní, "Olóyè, Ajíbádé ńkọ́?"

"Ajíbádé wo?"

"Ẹnjiníà. Ó máa ń wá kí yín ní Sátidé."

Olóyè ronú. "Háà! Èyí tó máa ń nà gbalaja yẹn? Ṣé ó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni? Mo rò pé kò ríṣẹ́ ṣe ni. Mo máa ń ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ."

Mùjíbátù rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú. "Ṣé kò fún yín ní káàdì ni?"

"Ó pọ̀ nílé. Àwọn ọmọ-ọmọ mi fi ń kọ́lé."

Múyì ló wọ Pijó lọ pẹ̀lú sípánà rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ náà, ta ni mo rí níwájú? Ajíbádé, nínú agbádá tuntun, ó ń pín káàdì fún àwọn àlejò, ó ń sọ pé òun àti Olóyè ti ń bọ̀ tipẹ́. Múyì jáde láti ìdí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ dúdú kirikiri. Ajíbádé kò wojú ẹni tó ń fún, ó na káàdì sí i.

Múyì gbà á, ó fi nu gíríìsì ọwọ́ ọ̀tún, ó yí i padà, ó fi nu ti òsì.

"Ẹnjiníà," ó ní, "ṣé ó ṣì kù?"